Èèrí Ògì Tí Wọ́n Gbà Lẹ́nu Ìyá Mi

Nígbà tí wọ́n gé kókó kúrò nínú ọmú ìyá mi ní Àkúrẹ́, olú-ìlú ìpínlẹ̀ tó múlé gbe tiwa, dókítà pe àwa méjèèjì jókòó. Ó ní irú jẹjẹrẹ yìí máa ń fi họ́mọ́ọ̀nù ṣe oúnjẹ, ìyẹn èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tí ó ń sọ ọmọbìnrin di obìnrin. Ó ní oúnjẹ tí ó ní èèpo àti èèrí lè bá ara kó díẹ̀ nínú rẹ̀ dànù.

"Kì í ṣe oògùn o. Ẹ má fi hóró oògùn yín ṣeré. Ìrànlọ́wọ́ lásán ni."

Nílé wa ní Ìjerò, èmi ni mo gba iṣẹ́ oúnjẹ. Mo ń po ògì láìsẹ́ èèrí rẹ̀ kúrò, mo sì ń se ẹ̀wà pẹ̀lú èèpo. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá, dé láti Òkè-Ìmẹ̀sí láti tọ́jú aláìsàn. Ó tọ́ ògì náà wò, ó tu ú dànù.

"Ta ló po èyí?"

"Èmi ni, mà. Dókítà ló ní..."

"Dókítà ní kí o fún ìyàwó wa ní oúnjẹ ewúrẹ́? Kí ni ìyá rẹ fi ṣẹ̀ ọ́?"

Àwọn obìnrin ìjọ tí wọ́n wá kí wa bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan ní, "Ó kù kó so ó mọ́gi!" Ìyá mi pàápàá rẹ́rìn-ín.

Láti ọjọ́ náà, Màmá gba ilé ìdáná. Ó ń sẹ́ ògì lẹ́ẹ̀mejì, ó ń bó ẹ̀wà ní hóró kọ̀ọ̀kan. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni. Mímọ̀ ọ́n kò mú kí inú mi rọ̀ rárá.

Ní òwúrọ̀ kan, mo rí ewúrẹ́ wa tí ó ń lá èèrí nínú àpáàdì, tí ìyá mi sì ń mu ògì funfun báláú. Mo lọgun pé ẹran ń jẹ oúnjẹ ìyá mi.

Ìyá mi ní, "Ìyàwó ilé ni mí. Ṣé kí n kọ oúnjẹ ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni? Kúnlẹ̀, bẹ Màmá."

Mo kúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, Màmá. Ṣùgbọ́n bí kókó náà bá padà, ta ni kí n bínú sí?"

Màmá yíjú sí ìyá mi. "Ṣé òótọ́ ni ọmọ yìí ń sọ, pé dókítà ló ní kí o máa jẹ èèrí?"

"Òótọ́ ni, mà."

Màmá gba abọ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní kí n lọ gbé ìkòkò mi kaná. Mo ń ko iná náà, mo ń sunkún ìbínú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí Màmá ti dé ni ìyá mi fi gbé ọ̀rọ̀ méjì yẹn, 'Òótọ́ ni', mì.