Ẹ̀tẹ̀ tí wọ́n fi òwú nù kúrò lọ́rùn mi

Oṣù mẹ́ta ni ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin fi pè mí ní adẹ́tẹ̀. Lónìí, òwú lásán ni nọ́ọ̀sì fi nu ẹ̀tẹ̀ náà kúrò!

Nǹkan dúdú kan ló yọ lọ́rùn mi. Mo fi kànrìnkànrìn ha á títí, kò lọ. Mo lo ọṣẹ dúdú láti Ìlobi, kò lọ. Ẹ̀gbọ́n so okùn pupa mọ́ etí ife kan: "Ìyàwó, má bínú o, èyí ni kó o máa fi mumi."

Láàárọ̀ yìí, nọ́ọ̀sì kan n'Ílaró rẹ òwú sínú sípíríìtì, ó fi nu ọrùn mi. Gbogbo dúdú yẹn bá òwú lọ.

Ojú tì mí. "Nọ́ọ̀sì, ṣé mi ò mọ̀ ọ́n wẹ̀ ni?"

"Rárá o. Awọ tó ti kú ló lẹ̀ mọ́ra. Ẹni tó ń wẹ̀ dáadáa náà máa ń ní in. Ọṣẹ kì í ràn án, kì í sì í ranni."

Mo ra sípíríìtì délé. Ẹ̀gbọ́n ní irọ́ ni: "Ẹ̀tẹ̀ ló ń bó ẹ láwọ. Nu tèmi, wàá rí i pé òwú ò ní dúdú!"

Mo nu ẹ̀yìn ọrùn wọn.

Ẹ̀yin èèyàn mi, òwú tiwọn dúdú ju tèmi lọ!

Ife olókùn pupa ni wọ́n ń wò.

Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé kí n tú okùn yẹn ni, àbí kí n bu omi sí i fún wọn?