Dókítà ọkàn tí ọkọ mi ń lọ rí

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, òní ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ irú ọkùnrin tí mo fẹ́.

Àtìgbà tí bàbá ọkọ mi ti kú ni ọkọ mi kò ti rí oorun sùn. Ó wá ń lọ sọ́dọ̀ dókítà kan tó ń bá a sọ̀rọ̀ nípa ìbànújẹ́ rẹ̀, ní ọsibítù kan ní Àkúrẹ́ níbí.

Ìyá rẹ̀ wá kí wa láti Oǹdó láàárọ̀. Mo ní dókítà ọkàn ni ọmọ wọn lọ rí.

Wọ́n figbe ta. "Yéè! Ọkàn ló pa àbúrò mi o! Ìyàwó, má fi iyọ̀ sọ́bẹ̀ yẹn!"

Ojú tì mí, mi ò lè ṣàlàyé. Nígbà tí ọkọ mi dé, tí wọ́n ń bi í nípa àìsàn ọkàn, mo ṣẹ́jú sí i pé kó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó sàn ju kí wọ́n rò pé orí rẹ̀ ti dàrú.

Ó kàn rẹ́rìn-ín. "Màámi, ẹ fọkàn balẹ̀. Ọkàn tó ń lù kò ṣe nǹkan kan. Ẹ̀dùn ọkàn ni tèmi. Ikú Bàámi ni mo máa ń bá dókítà sọ, mo sì máa ń sunkún níbẹ̀."

Màámi dìde.

Wọ́n wá dì í mọ́ra. "Èmi rí àwọn ìyá ìjọ sunkún sí léjìká. Ta ni ìwọ rí? Máa lọ, ọmọ mi."

Mo sá wọ kíṣìnì lọ nu ojú mi.

Ẹ jọ̀ọ́, mi ò tíì rí orúkọ ìkẹ́ tí màá máa fi pe ọkọ mi. Irú ọkùnrin báyìí, kí ni kí n máa pè é?