Aṣọ Tí Wọ́n Ta Sílẹ̀ De Ìrì

Aṣọ tí mo ti fọ̀ láyé mi kò lóǹkà, ṣùgbọ́n ẹyọ kan péré ló ń dùn mí títí dòní pé mo fọ̀. Aṣọ funfun tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, kò gùn ju apá mi lọ.

Nígbà náà, alágbàfọ̀ ni mí fún àwọn òyìnbó tó ń ra epo àti òrí ní etí odò ní Lọ́kọ́jà. Mo mọṣẹ́, mo sì mọ̀ pé mo mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá ní aṣọ tí mo fọ̀ ṣì ní àbàwọ́n, ìjà ló ń wá. Ètò wa kò le: aṣọ ìdọ̀tí tí wọ́n bá ti fi kọ́ okùn lẹ́yìnkùlé ọgbà wọn, tèmi ni bí ilẹ̀ bá mọ́. Mi ò ní bi ẹnikẹ́ni, ẹnikẹ́ni kò ní bi mí.

Ìyá mi ni èmi pẹ̀lú wọn jọ ń gbé ní ìsàlẹ̀ òkè. Ọmọ Ọ̀wọ̀rọ̀ ni wọ́n, àgbẹ̀ paraku, wọn kò sì lè rí omi tó ń ṣòfò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kí wọ́n dákẹ́. Gbogbo omi tí mo bá fi fọṣọ, inú ìkòkò kan ni mo gbọ́dọ̀ dà á sí, kí n rù ú wálé ní ìrọ̀lẹ́ fún ilá wọn lẹ́yìnkùlé. Mo ráhùn títí, ó sú mi. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi a máa pè mí ní apọnmi ilá.

Ọ̀kan nínú àwọn òyìnbó náà kéré lọ́jọ́ orí, kò lè ju èmi lọ púpọ̀. Ilẹ̀ Áyálándì ni wọ́n ní ó ti wá. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ló gbọ́ nínú èdè wa: "ẹ kú iṣẹ́," "omi," àti "ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run." Ìkẹta yìí ló fẹ́ràn jù. Bí mo bá ti gbé aṣọ mímọ́ dé, á na ọwọ́ méjèèjì sókè, á ní "Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run!" A ó sì bú sẹ́rìn-ín.

Ọyẹ́ ọdún yẹn mú gan-an. Ètè gbogbo wa bẹ́, eruku kò sì jẹ́ ká rí òdìkejì odò. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kejì, mo dé ibi iṣẹ́ ní kùtùkùtù, mo rí aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn nìkan lórí okùn, eruku bò ó mọ́lẹ̀. Mo fọ̀ ọ́ tán pátápátá. Mo fi omi ẹ̀kọ sí i kó lè le dáadáa, mo sì ń fi irin gbígbóná lọ̀ ọ́ nígbà tí òyìnbó yẹn jáde síta.

Ó wo okùn. Ó wo ọwọ́ mi. Ó wá jókòó sórí àgbá epo, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá orí mú. Ẹ̀rù bà mí ju kó pariwo lọ.

Akọ̀wé wọn, ọkùnrin Sàró tó gbọ́ èdè wa, ló jáde wá ṣàlàyé. Ó ní ní ìlú òyìnbó yìí, òtútù a máa mú tó bẹ́ẹ̀ tí omi odò ń le bí òkúta. Mo ní irọ́ ni. Ó ní kí n gbọ́ tẹnu òun. Ó ní ọjọ́ kan wà tí òtútù náà ń yí ẹ̀yìn padà, tí àgùntàn ń bímọ, tí wàrà ń kún ọmú wọn. Tí ọ̀la bá jẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n á ta aṣọ síta ní ìrọ̀lẹ́. Obìnrin mímọ́ kan tí wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún á kọjá, ìrì rẹ̀ á sẹ̀ sórí aṣọ, wọ́n á sì fi aṣọ náà wé orí aláìsàn.

"Ìyá òyìnbó yìí ló ń ṣàìsàn," ni akọ̀wé wí. "Ó fẹ́ fi ránṣẹ́ sí i. Ìwọ wá ti fọ ìbùkún rẹ̀ dànù."

Mo fẹ́ sọ pé kò sí ìrì nínú ọyẹ́, eruku ni mo bá níbẹ̀. Mo kàn ká aṣọ náà lé òyìnbó lọ́wọ́.

Mo ru omi mi délé lọ́sàn-án gangan. Ìyá mi kí mi bí àwọn ará Ọ̀wọ̀rọ̀ ṣe ń kíni, "Òkun o," wọ́n wo ojú mi, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú ẹkún. Wọn kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n kọ́kọ́ ní àwọn náà ti mọ̀ pé ọyẹ́ ń lọ, nítorí atẹ́gùn ti ń ti ìhà odò wá, igi irúgbá sì ti ń tanná pupa. Wọ́n wá bi mí pé, "Omi tí o fi fọ̀ ọ́ ńkọ́?"

"Òun ló wà nínú ìkòkò yìí."

"Kí lo wá ń sunkún sí? Ohun tó kúrò lára aṣọ, ṣebí inú omi ló wà. Gbé e padà fún un."

Mo tún rù ú padà. Akọ̀wé túmọ̀ ọ̀rọ̀ ìyá mi fún un. Òyìnbó náà wo omi pípọ́n ọ̀hún pẹ́, ó wá ti aṣọ rẹ̀ bọ̀ ọ́, ó rẹ ẹ́ dáadáa, ó sì sá a láìfún un. Nígbà tó gbẹ, ó pọ́n bí ilẹ̀ Lọ́kọ́jà. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe fi sínú lẹ́tà, ọkọ̀ kékeré alájẹ̀ sì gbé e lọ sísàlẹ̀ odò.

Láti ọjọ́ náà, mi ò sinmi. Odò ti fà, ọkọ̀ ńlá kò lè gòkè wá, kò sí ìròyìn. Bí mo bá ń ṣan aṣọ, obìnrin tí mi ò rí rí yẹn ni mò ń rò. Mo ń sọ fún ara mi pé bó bá kú, èmi ni mo pa á.

Odò kún. Ọkọ̀ ńlá dé pẹ̀lú lẹ́tà. Mo wà nídìí aṣọ nígbà tí akọ̀wé wá bá mi, òyìnbó náà dúró lẹ́yìn rẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n. Ìyá rẹ̀ ti kú.

"Nígbà wo?" ni mo bi.

"Kí ọdún tó yí. Wọ́n ti sin ín tipẹ́ kó tó ta aṣọ síta."

Kí n tó mọ̀, mo ti ké sókè: "Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run!"

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ló gbọ́ nínú èdè wa. Ó gbójú sókè, ó wò mí, ó sì wọlé lọ. Títí tó fi bá ọkọ̀ lọ, kò tún na ọwọ́ sókè mọ́ bí mo bá gbé aṣọ dé.

Ìyá mi náà ti lọ báyìí. Lọ́dọọdún, bí igi irúgbá bá ti tanná, mo máa ń ta gèlè wọn kan sórí okùn ní ìrọ̀lẹ́. Bí ilẹ̀ bá mọ́, mo máa ń ká a wọlé tòun teruku rẹ̀.