Ìyá Ọkọ Mi Ní Kí Nàìjíríà Jáde

Ìyá mi ò tíì sọ ẹrù kalẹ̀ tí ìyá ọkọ mi fi lé e jáde. Ojú mi ló ṣe. Mo gbé ọmọ tuntun dání, ara mi ò tíì le, mo fẹ̀yìn ti ògiri kí n má baà ṣubú. Mo ti ń retí ìyá mi láti ìgbà tí ìrọbí ti mú mi, torí pé àkọ́bí mi ni, mi ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń wẹ ọmọ. Lọ́dọ̀ tiwa, ìyá ẹni ló ń wá wẹ ọmọ fúnni.

Agbo ilé onímàle kan lẹ́yìn Ìdúmàgbò ni wọ́n gbé mi níyàwó sí. Ọmọ Àjàṣẹ́ ni ìyá mi, ibẹ̀ ló padà sí nígbà tí bàbá mi kú. Yorùbá ni wọ́n ń sọ ní Àjàṣẹ́, àmọ́ bọ́dà Ṣẹ̀mẹ̀ wà láàárín wa, Faransé ló sì ṣàkóso tiwọn. Àwa, àwọn, àti àwọn orílẹ̀-èdè míì títí dé Làìbéríà la jọ wà nínú ẹgbẹ́ kan, ẹgbẹ́ òṣèlú àti òwò, tó jẹ́ kí ará ibí lè wọ ọ̀hún, kí ará ọ̀hún náà wọ ibí, láìgba físà. Kò sẹ́ni tó ń dárúkọ ẹgbẹ́ yìí ládùúgbò wa rárá, àfìgbà tí ogun Làìbéríà dé, tí ẹgbẹ́ náà kó ṣọ́jà lọ síbẹ̀ láti lajà, tó sì jẹ́ pé ọmọ tiwa ló pọ̀ jù nínú wọn.

Àbúrò ọkọ mi wà lára wọn. Adúmáadán ni mo ń pè é, torí ìyàwó kì í pe ọmọ ilé ọkọ lórúkọ. Àbíkẹ́yìn ìyá ọkọ mi ni. Ó ga, ó máa ń rẹ́rìn-ín kó tó parí ọ̀rọ̀ tó ń sọ. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí wọ́n jọ lọ padà wá, ó ní lẹ́yìn ìjà kan báyìí, àwọn ò rí i mọ́, ó ní ó dà bíi pé ó ti bá ogun lọ. Wọn ò gbé òkú kankan wálé. Nígbà tí àwọn ààfáà wá pé àwọn fẹ́ ṣe fìdáù, ìyá ọkọ mi fa ẹní yọ nídìí wọn.

“Fìdáù ta ni? Ta ló kú?”

Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni tó bá kí i kú ọ̀fọ̀ ti di ọ̀tá rẹ̀.

Ní ìkòríta tó já sí Adéníji Adélé, fẹ́ńdọ̀ kan wà tó ń tẹ́ ìwé ìròyìn sílẹ̀. Àwọn tó ń kà á lófẹ̀ẹ́ pọ̀ ju àwọn tó ń rà á lọ. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń jà lárààárọ̀: ṣé kí Nàìjíríà jáde nínú ẹgbẹ́ yìí, àbí kó dúró? Àwọn méjì ni olórí ìjà. Ọ̀kan jẹ́ tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tó ṣì ń wọ táì lójoojúmọ́. Ìkejì ń ta aṣọ ní Ìdúmàgbò.

“Ẹni tó bá ní ká jáde, kò mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí tòsì,” ni tíṣà wí. “Bá a bá jáde, ta la máa bá ṣòwò? Ẹja inú òkun?”

“Òwò wo?” ni aláṣọ dá a lóhùn. “Aṣọ tó ń ti Kùtọnú wọlé ló pa òwò mi. A bọ́ wọn yó, a bá wọn jagun, wọ́n tún ń bú wa. Ká jáde, jàre!”

“Aṣọ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù tìrẹ ńkọ́? Ṣé Ìsàlẹ̀ Èkó ni wọ́n ti hun ún?”

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Aláṣọ gbá táì tíṣà mú.

Ọjọ́ kan, èmi àti ìyá ọkọ mi ń ti ibi tá a ti lọ lọ ata bọ̀, a bá wọn lẹ́nu ẹ̀. Ó gbé ike ata lé mi lọ́wọ́, ó ya àárín wọn.

“Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n jáde! Ọjọ́ tí Nàìjíríà bá jáde ni wọ́n máa kó àwọn ọmọ wa padà wálé.”

“Màámà, ọ̀rọ̀ yẹn ò rí bẹ́ẹ̀...”

“Tíṣà, ọmọ tìẹ dà? Ó wà ní Sùúrùlérè, ó ń fi tíì jẹ búrẹ́dì. Dákẹ́ ẹnu ẹ.”

Aláṣọ pàtẹ́wọ́ fún un, ó ní ọ̀rọ̀ ìyá ti parí ẹjọ́. Ó dùn mọ́ ọn. Èmi tí mo gbé ike ata dúró sẹ́yìn, tí ikùn mi ti yọ síwájú, inú mi ò dùn. Bí Nàìjíríà bá jáde, ọ̀nà wo ni ìyá mi máa gbà wá?

Lẹ́yìn tá a sọmọ lórúkọ, ọkọ mi lọ pàdé ìyá mi níbi tí àwọn ọkọ̀ Ṣẹ̀mẹ̀ ń já èrò sí. Lójú ọ̀nà, ó sọ fún un pé a ò rí àbúrò òun mọ́, pé wọ́n ní ó ti kú. Kò sọ fún un pé ìyá òun ò gbà. Ọkùnrin! Ohun tó yẹ kó kọ́kọ́ sọ ló gbé mì. Ìyá mi sì rèé, níbi tí wọ́n ti tọ́ ọ, èèyàn kì í kí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ kú ewu ọmọ láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ kí i kú ọ̀fọ̀. Bó ṣe dé ẹnu ọ̀nà, ó kúnlẹ̀ pẹ̀lú ẹrù lórí.

“Ẹ kú ọ̀fọ̀ o, ìyá wa. Ẹ kú àfẹ́kù. Ọlọ́run á tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere.”

Ìyá ọkọ mi dìde díẹ̀díẹ̀.

“Ta ló kú?”

“Ẹ jọ̀ọ́, mo gbọ́ pé...”

“Mo ní ta ló kú? Ṣé ìwọ lo sin ín? Ẹ̀yin lẹ kó ogun bá wa, ẹ gba ọmọ lọ́wọ́ mi, ẹ tún wá ń kéde ikú rẹ̀ nínú ilé mi? Ará Faransé, gba ọ̀nà bọ́dà rẹ lọ!”

Ó já ẹrù náà bọ́ lórí rẹ̀, ó jù ú síta. Igbá òrí yí bọ́ sínú gọ́tà. Kànrìnkàn tuntun tó fẹ́ fi wẹ ọmọ mi tú sílẹ̀. Ọkọ mi dọ̀bálẹ̀, ó ń bẹ̀bẹ̀.

“Ìwọ náà, dìde, kó o tẹ̀ lé e.”

Obìnrin kan ní ilé òdìkejì tiwa ló gba ìyá mi sílé. Ìyá Àgùdà là ń pè é, torí àwọn bàbá ńlá rẹ̀ ti Bùràsíìlì padà wálé láyé àtijọ́. Kirisitẹni ni, kì í jà, kì í sì bẹ̀rù ìjà. Ó dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀, ó sì pe ìyá mi: “Ẹ gbé ẹrù yín wá síbí. Yàrá ṣófo.”

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ilé ọkọ ni mò ń sùn. Bílẹ̀ bá mọ́, màá gbé ọmọ sọdá, ìyá mi á na ẹsẹ̀ méjèèjì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ Ìyá Àgùdà, á tẹ́ ọmọ sórí wọn, á wẹ̀ ẹ́, á nà án lápá, á jù ú sókè, á hán an. Ìyá ọkọ mi á dúró lójú fèrèsé, á máa bá ewúrẹ́ ilé wa sọ̀rọ̀.

“Ewúrẹ́, ṣé o rí àwọn tó ń fi ọmọ ọlọ́mọ gbá bọ́ọ̀lù?”

Ìyá mi ò ní gbójú sókè. Ọmọ lòun náà á dá lóhùn. “Ọmọ mi, má dá wọn lóhùn. Ewúrẹ́ ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀, ìwọ kì í ṣe ewúrẹ́.”

Mo rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Nígbà tí mo délé, ìyá ọkọ mi ti sọ ìkòkò ọbẹ̀ di òfìfo. Mo sọ ọ́ bó ṣe wà lọ́kàn mi: mo kórìíra rẹ̀ lásìkò yẹn.

Ó wá kan kànga. Kànga agbo ilé wa ni gbogbo òpópónà ń pọn bí ẹ̀rọ omi bá gbẹ. Kò sẹ́ni tí wọ́n fi dù rí. Ìyá ọkọ mi ra kọ́kọ́rọ́, ó ti ìdérí rẹ̀ pa, ó so ọmọ kọ́kọ́rọ́ mọ́ ìṣẹ́tí ìró rẹ̀, ó dúró sójú títì.

“Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gba ọ̀tá mi sílé, ẹ gbọ́! Bí orílẹ̀-èdè bá lè jáde nínú ẹgbẹ́, èmi náà ti jáde nínú ẹgbẹ́ àdúgbò.”

Aláṣọ sáré wá. “Màámà, èmi ńkọ́? Ọ̀rọ̀ kan náà là ń sọ o! Èmi náà ní ká jáde!”

“Lọ pọn tìẹ ní Kùtọnú.”

Àwọn ará àdúgbò ò kí ìyá ọkọ mi mọ́. Bó bá ń bọ̀, àwọn obìnrin á kọ̀yìn sí i. Bó bá kí wọn, wọ́n á máa wo òkè. Òun náà ń tutọ́ sílẹ̀ bó ṣe ń kọjá. Ní ìkòríta, ìjà wọn wá le sí i, torí tíṣà ti rí ohun tó fi ń bú aláṣọ: “Ẹ ò rí i? Jíjáde tẹ́ ẹ̀ ń wí nìyẹn. Òùngbẹ ló bí!”

Ó ti sú ìyá mi. Ó ní, “Ọmọ mi, mi ò wá láti fi òùngbẹ pa òpópónà. Ilé tí wọn ò bá ti fẹ́ni, èèyàn kì í pẹ́ níwájú rẹ̀. Mò ń lọ.” Mo sunkún. Mi ò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń wẹ ọmọ lórí ẹsẹ̀. Ó gbà láti dúró díẹ̀ sí i kí n lè kọ́ ọ.

Láàárọ̀ tó fẹ́ kí n wẹ ọmọ lójú òun, ó gbé korobá omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ síwájú mi, ìyẹn gan-an ló kù nínú ilé Ìyá Àgùdà. Mo fi ọṣẹ dúdú kun ọmọ lára láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Tíṣà àti aláṣọ ń bọ̀ láti ìkòríta, wọ́n ń pariwo. “Ká dúró!” “Ká jáde!” Aláṣọ tì í. Tíṣà fẹ̀yìn rìn, ó kọsẹ̀ wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó gbá korobá náà. Omi ṣàn lọ sí gọ́tà.

Ọṣẹ wọ ọmọ mi lójú, ó figbe ta. Mo dì í mú, ó ń yọ̀ lọ́wọ́ mi. Ìyá mi ń fi ìró nu ojú rẹ̀, ọṣẹ ò kúrò. Ìyá Àgùdà wọlé, ó jáde, ọwọ́ rẹ̀ ṣófo. Gbogbo wa wo òdìkejì.

Ìyá ọkọ mi ò sí lójú fèrèsé mọ́. A gbọ́ tí irin dún, a gbọ́ tí okùn ń yí. Ó sọdá títì pẹ̀lú korobá, omi ń dà sí i lẹ́sẹ̀.

“Ọmọ ọmọ mi ni mo gbómi fún o. Èmi ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀.” Ó yíjú sí àwọn ọkùnrin náà. “Ẹ kúrò níbí, ẹ̀yin àgbààyà!”

Òun ló ń bu omi, ìyá mi ló ń ṣan ọmọ. Wọn ò wo ojú ara wọn. Nígbà tí ẹkún rọlẹ̀, ìyá mi kúnlẹ̀ sínú omi ọṣẹ náà. Ó wí jẹ́jẹ́ pé:

“Ẹ kú ojú lọ́nà o.”

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń kí ẹni tó ń retí èèyàn. Ẹnu ya gbogbo wa. Ìyá ọkọ mi dúró, korobá òfìfo lọ́wọ́ rẹ̀.

“Ẹ ṣé,” ló wí, ó sì sọdá padà.

Kò ní kí ìyá mi wọlé. Títí ìyá mi fi lọ, ilé Ìyá Àgùdà ló sùn. Àmọ́ ìyá ọkọ mi ò ti kànga mọ́, ìyá mi sì dúró títí ọwọ́ mi fi mọ ìwẹ̀ ọmọ. Láàárọ̀ tí ìyá mi ń lọ, ìyá ọkọ mi pè mí sínú yàrá.

“Bi ìyá ẹ. Àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn bọ̀ láti ibi ogun yẹn, tí wọ́n ń gba Gánà àti Tógò bọ̀, ṣé Àjàṣẹ́ ni wọ́n ń gbà kọjá?”

Mo lọ jẹ́ ẹ fún ìyá mi. Ó gbé ẹrù rẹ̀ kalẹ̀.

“Sọ fún un pé ibẹ̀ ni. Bi í bí ọmọ náà ṣe rí.”

Mo padà. Ìyá ọkọ mi nawọ́ sókè. “Sọ pé ó ga. Sọ pé ó dúdú, ó ń dán. Sọ pé ó máa ń rẹ́rìn-ín kó tó parí ọ̀rọ̀.”

Lọ́jọ́ kejì, mo gbọ́ ohùn rẹ̀ ní ìkòríta, ó ní kí Nàìjíríà jáde kíá. Aláṣọ ní ká tilẹ̀ ti bọ́dà Ṣẹ̀mẹ̀ pa. Ìyá ọkọ mi yíjú sí i.

“Ta ló ní kẹ́ ẹ ti bọ́dà? Ẹ fi ọ̀nà yẹn sílẹ̀ ní ṣíṣí!”