Ọjọ́ Tí Rélùwéè Gbé Màmá Lọ

Ẹ wá gbọ́ ohun tí ojú mi rí ní Èkó lóṣù tó kọjá. Ẹ̀yin ará Ìkẹ́rẹ́ tí ẹ mọ ìyá mi, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín o, ẹ jẹ́ kí n parí rẹ̀ ná.

Ojú ló ń dun Màmá. Mo gbàyè níléèwé tí mo ti ń kọ́ni, mo mú wọn lọ rí dókítà ní Yaba. Dókítà kán oògùn sí wọn lójú, ó ní ìríran wọn máa ṣe bàìbàì títí di alẹ́. Ilé Dúpẹ́, àbúrò mi ọkùnrin, la dé sí ní Agége, ni mo bá ní ká wọ rélùwéè padà kí ara lè tù wọ́n. Ìmọ̀ràn tèmi nìyẹn!

Bí Màmá ṣe wọlé tán ni bàtà wọn kan bọ́ síta. Mo bẹ̀rẹ̀ mú un. Kí n tó nàró, ilẹ̀kùn ti pa dé, ọkọ̀ ti gbéra. Fóònù wọn ńkọ́? Inú báàgì mi ló wà.

Ẹ gbà mí o! Arúgbó tí kò ríran dáadáa, tó wọ bàtà ẹsẹ̀ kan, ló dá wà nínú ọkọ̀ yẹn. Ẹ̀rù bà mí gan-an.

Mo rò pé wọ́n á sọ̀ ní ibùdókọ̀ tó kàn kí wọ́n dúró dè mí. Ta ni kò ní ṣe bẹ́ẹ̀? Mo wọ mọ́tò lọ sí Mushin, mi ò rí wọn. Mo dé Oṣòdì, mi ò rí wọn. Mo pe Dúpẹ́ lórí fóònù, ó sáré dé ti Agége, ó ní ọkọ̀ ti kọjá, Màmá ò sì sí nílẹ̀. Ó bẹ àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ kí wọ́n bá wa pe Agbádó, níbi tí ọkọ̀ ń parí sí. Wọ́n ní ìyá àgbà kan tó wọ bàtà ẹsẹ̀ kan wà níbẹ̀, ó kọ̀ láti wọ ọ́fíìsì, ó ní òun ń retí ẹnì kan.

Nígbà tí mo débẹ̀, Màmá ń ṣàlàyé fún obìnrin sìkiọ́rítì kan bí ibùdókọ̀ náà ṣe rí láyé ìjọsí: ilé kékeré tí àwọn òyìnbó kọ́, àwọn tó ń gbé ata sínú ọkọ̀, àwọn ọ̀dọ́ tó ń gun orí òrùlé rẹ̀, àti àwọn òṣìṣẹ́ tó wá ń gbé Agbádó nítorí ilé ò wọ́n níbẹ̀, tí wọ́n ń wọ rélùwéè lọ síbi iṣẹ́ láràárọ̀. Àwọn òbí mi wà lára wọn.

Ẹkún ti gbọ̀n mí. Kí n tó sọ̀rọ̀, Màmá ní, "Kí ló dé tó o pẹ́ báyìí? Aba yín éè pẹ́ tó báyìí rí." Bàbá wa ni wọ́n ń pè ní aba.

Àṣé àdéhùn kan wà! Apapa ni Bàbá wa olóògbé ti ń ṣiṣẹ́, Màmá ń ránṣọ ní Oṣòdì. Èrò máa ń pọ̀ nínú ọkọ̀ ìrọ̀lẹ́ débi pé wọn ò ní rí ara wọn. Wọ́n wá jọ sọ ọ́ pé kí ẹnikẹ́ni má sọ̀ lójú ọ̀nà. Ibi tí ọkọ̀ bá parí sí ni kí wọ́n ti pàdé, ẹni tó bá ṣáájú dé kò sì gbọdọ̀ lọ sílé títí èkejì á fi dé. Màmá rò pé gbogbo wa la mọ̀. Ta ló sọ fún wa? Ọmọdé ni mí nígbà tí a kó padà wá sí Ìkẹ́rẹ́ wá dáko kòkó.

Lọ́jọ́ tí à ń padà bọ̀ wá sílé, mo bi wọ́n nínú ọkọ̀ bóyá ẹ̀rù bà wọ́n. Wọ́n ní rárá. Wọ́n ní láyé ìgbà yẹn, àwọn ló sábà máa ń ṣáájú dé, tí wọ́n á jókòó de Bàbá.

"Lọ́tẹ̀ yìí, aba yín ló ṣáájú dé," wọ́n ní. "Kí wọ́n jókòó dè mí."

Mo di ọwọ́ wọn mú.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ kò le. Bí ẹ bá ń mú àgbà jáde, ẹ jọ sọ ibi tí ẹ ó ti pàdé bí ẹ bá ṣìnà mọ́ ara yín lọ́wọ́. Kẹ́ ẹ sì bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n ti bá ara wọn sọ kí wọ́n tó bí yín, nígbà tí ẹnu wọn ṣì lè sọ ọ́. Ẹ̀yin ńkọ́, ibo ni àwọn òbí yín ti máa ń dúró de ara wọn? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, n ó kà á fún Màmá.