Àdín Nínú Aago Bàbá Mi

Inú máa ń tètè bí mi. Ìyá mi ní láti inú oyún ni mo ti ń jà, mi ò sì bá wọn jiyàn.

Aago ọwọ́ bàbá mi kì í lo bátìrì. Yíyí ni wọ́n máa ń yí i létí láràárọ̀ tí wọ́n bá ti kírun àsùbá tán. Ọdún tí àìsàn rọlápá-rọlẹ́sẹ̀ mú wọn ní Ayétòrò, tí apá ọ̀tún rọ, ni aago náà dákẹ́. Wọ́n ní kí n bá àwọn gbé e lọ fún ẹni tó ń tún aago ṣe ní Ìlaròó, níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Mo ní ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Bí mo ṣe ń fòní dónìí, tí mo ń fọ̀la dọ́la nìyẹn. Nígbà tó yá, mo ra aago oníbátìrì fún wọn kí n lè sinmi. Wọ́n súre fún mi títí, wọ́n sì ń fi sọ́wọ́ títí ọlọ́jọ́ fi dé.

Lẹ́yìn fídáù ogójì ọjọ́, mo rí aago àtijọ́ náà nínú àpótí wọn, wọ́n fi áńkáṣíìfù wé e. Ẹkún gbọ̀n mí. Mo fẹ́ kó ṣiṣẹ́ ṣáá, kí n lè sọ pé mo jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán mi, bó tilẹ̀ ti pẹ́ jù.

Bàbá aláago ní Ìlaròó há awò sójú kan, ó ṣí ẹ̀yìn aago. Ó ka àwọn òkúta pupa wínníwínní tí ẹ̀rọ inú rẹ̀ ń yí lé lórí, wọ́n jẹ́ mẹ́tàdínlógún. Ó ní aago gidi ni, irú èyí tí wọ́n ń kó wọlé láti Kútọnu kí wọ́n tó bí mi, àti pé kò sí ohun tó kán níbẹ̀. Ó wá gbé e sí imú.

"Ta ló da àdín sí i?"

Ó fi hàn mí. Àdín tí à ń fi pa ọmọ lára, tí à ń kán sí ilẹ̀kùn tó bá ń dún, ti dì mọ́ gbogbo eyín ẹ̀rọ náà. Ẹnì kan ti fi ẹnu ọ̀bẹ ha ẹ̀yìn rẹ̀ yánnayànna. Ó dá mi lójú pé gbájúẹ̀ kan ní Ayétòrò ló fẹ́ fi àìsàn bàbá mi rẹ́ wọn jẹ.

"Ọwọ́ tó da àdín sí aago yìí, kó rọ!"

"Rọra, ọmọ mi. Ẹyin lọ̀rọ̀ o."

Ọjọ́ kẹta ni mo gbà á, bàbá aláago ti fọ àdín náà kúrò, aago ti ń ṣiṣẹ́. Mo gbé e lọ fún ìyá mi, mo fi sí wọn létí, mo sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í bú ẹni tó ṣí i.

"Ta lò ń bú?" ni wọ́n wí. "Bàbá ẹ ni. Ọwọ́ òsì ni wọ́n fi ṣí i. Èmi ni mo gbé àdín wá. Wọ́n ní iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ ẹ, ká má yọ ẹ́ lẹ́nu."

Ilẹ̀ ni mo jókòó sí. Bàbá mi ni mo ṣépè fún lójú ẹni ẹlẹ́ni, nítorí iṣẹ́ tí èmi ò jẹ́. Mo bẹ̀ wọ́n nínú ọkàn mi, ṣùgbọ́n ta ló máa dáhùn?

Aago ṣì wà létí ìyá mi. "Ṣé àdín yẹn ló wá jẹ́ kó ṣiṣẹ́?"

"Òun ni, Màmá."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí a ti sìnkú. "Mo mọ̀. Ọwọ́ bàbá ẹ kì í ba nǹkan jẹ́."