Òdòdó Ìyeyè

Ọmọ mi obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní Ṣáínà ló mú mi lọ wo ọgbà tẹ́ńpìlì àtijọ́ kan, níbi tí òdòdó funfun ti bo àwọn igi láìsí ewé kankan. Gbogbo èèyàn ń ya fọ́tò. Ní tèmi, òórùn òdòdó náà gbé mi padà sí Ọ̀jọ́, sábẹ́ igi ìyeyè.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan nígbà tí mo wà ní kékeré, mo yọ́ tẹ̀lé àbúrò bàbá mi. Wọ́n gbé ọkọ́ kọ́ èjìká, wọ́n sì gbé nǹkan tí wọ́n fi aṣọ funfun wé mọ́ àyà. Ìyá mi ti ń sunkún láti àárọ̀. Àbúrò mi ìkókó kò sí lórí ẹní mọ́. Wọ́n ní ó lọ kí ìyá àgbà ní Bàdágìrì, ìkókó tí kò tíì lè jókòó.

Wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ sábẹ́ ìyeyè. Mo rò pé iṣu ni wọ́n ń gbìn.

"Ìwọ elétí ehoro yìí, ta ló ní kí o tẹ̀lé mi? O ò gbọ́dọ̀ sọ ibí fún ìyá ẹ."

"Mi ò ní sọ, bùrọ̀dá."

N kò sì sọ. Òdòdó tó já sílẹ̀ ni mo ṣà lọ fún ìyá mi, kí wọ́n lè dákẹ́ ẹkún. Wọ́n gbóòórùn rẹ̀, wọ́n wò mí títí. Igi ìyeyè kan ṣoṣo ló wà ládùúgbò wa.

Mo ti bímọ kí n tó mọ̀ pé a kì í jẹ́ kí abiyamọ mọ ibi tí a sin ọmọ rẹ̀ sí.

Kànga wà lẹ́yìn ilé wa, àmọ́ láti ọjọ́ kejì, abẹ́ igi yẹn ni ìyá mi ń gbà lọ pọnmi lódò.